Àga Tí Mo Gbé Lọ sí Àbújá

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ ti fi ìbéèrè pa mí láti ìgbà tí mo ti dé. Bí mo bá lọ gé irun, wọ́n á ní, "Àkànbí, Àbújá ńkọ́?" Bí mo bá lọ síbi òkú, ẹni tó yẹ kó máa sunkún á nu ojú nù, á ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ewúrẹ́ kì í rìn nígboro Àbújá?" Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá wù kó kà á. Ẹni tí kò bá wù, kó má tún dá mi dúró láàárín ọ̀nà mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, wẹ́dà ni mí. Gééti àti férémù fèrèsé ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, àjákù irin ni mo fi ń ṣe ère, kì í sì í ṣe ère tí wọ́n ń wò lásán. Ère tó ní ohùn ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ni àkùkọ kan tí atẹ́gùn máa ń mú kọ. Ẹ rántí rẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀yin lẹ wá bá mi pé kí n gbé e wọlé kí ẹ lè rí oorun sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣe ọdẹ tí òjò ń lù. Lẹ́yìn ọdẹ, mo ṣe ẹṣin tí ìrù rẹ̀ ń kọrin. Gbogbo wọn wà lẹ́yìnkùlé mi tí wọ́n ń dógùn-ún, ẹ̀yin sì sọ mí ní Irin Aláriwo. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: kí ọ̀kan, ẹyọ kan péré, dúró ní gbangba, níbi tí àjèjì yóò ti gbọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni ò ní ní kí n gbé e wọlé.

Èyí tí mo gbé lọ sí Àbújá, ìyá mi olóògbé ni mo fi irin yà. Ẹ̀yin tí ẹ bá a láyé mọ bó ṣe máa ń jókòó síwájú ilé láàárọ̀. Kò sẹ́ni tí í kọjá láìkí i, òun náà kì í sì í dá ẹni méjì lóhùn bákan náà. Mo gbé e jókòó sórí àga irin tó ga. Mo to páìpù omi sẹ́yìn àga náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, mo sì tẹ́ pákó síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Sípíríǹgì ọ̀kadà wà lábẹ́ pákó, sípíríǹgì ló sì ń fa òòlù tó ń lu páìpù. Bí ọmọdé bá kúnlẹ̀, páìpù kékeré méjì á dáhùn. Bí àgbàlagbà obìnrin bá kúnlẹ̀, àwọn ti àárín á gbè é. Bí ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo wọn á dún tẹ̀léra wọn, èyí tó kẹ́yìn á sì máa gbọ̀n nínú àyà ẹni. Ẹni tó bá kàn fi bàtà dúró lórí pákó, "gbì" kan ló máa gbọ́, bí ìgbà tí garawa òfìfo ṣubú. Ẹni tí kò bá kí ni, a kì í dá a lóhùn.

Ní àdúgbò wa níbí, ṣebí ẹ rí i bó ṣe ṣiṣẹ́. Ẹ máa ń rí ojú ìyá mi, orúnkún yín á ti kan pákó kí ẹ tó rántí pé irin ni. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá bá wà. Ọgbọ́n inú mi nìyẹn.

Ìfẹ́, ọmọ Bọ̀dá Káyọ̀dé tó wà ní Àbújá, ló ya fídíò rẹ̀ nígbà tó wá sílé, tó sì fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù sí Hàjíà kan tó ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Garki. Hàjíà ní kí n gbé e wá. Nígbà tí àfihàn bá fẹ́ parí, ìgbìmọ̀ kan yóò yan iṣẹ́ kan tí yóò dúró sínú ọgbà ilé náà títí ayé, níbi tí ará ìlú ń gbafẹ́. Títí ayé! Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

*Ìyá mi lábẹ́ tapólì*

Èmi àti awakọ̀ dá ìyá mi dùbúlẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, a fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Kò pẹ́ tí a kọjá Kàbbà ni ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Ó wo ẹsẹ̀ irin yẹn, ó wò mí.

"Wetin be that?"

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Na my mama."

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ojú le koko. Ìgbà tí ọ̀kan fi ìgboyà ṣí tapólì, tó fi ọwọ́ kan iwájú orí ìyá mi tó gbọ́ "kọ̀n", ẹ̀rín pa wọ́n débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀. Èyí tó dá wa dúró ló bò ó padà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mama, safe journey. Your pikin no well."

Ní Lọ́kọ́ja, a jẹ ẹja odò tútù tí wọ́n fi ata rodo sè létí odò, pẹ̀lú iyán tó le díẹ̀ ju tiwa lọ. Ọmọ Okun, Yorùbá ìhà Kàbbà, ni obìnrin tó bu oúnjẹ fún wa. Ó gbọ́ Yorùbá mi, èmi náà gbọ́ tirẹ̀, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ti tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà tò nígbà tí mi ò sí nílé. Mo kí i kú iṣẹ́, ó kí mi kú ìrìn. Mi ò mọ̀ pé ìkíni tó jọ ti ilé ni mo ń gbọ́ kẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn Gwágwáládà, ọ̀nà fẹ̀. A kọjá Lúgbè níbi tí ilé ti jọra bí ìbejì, a sì wọ ìlú. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: koríko etí ọ̀nà ibẹ̀ dà bíi pé bábà gé e. Òótọ́ ni, mi ò rí ewúrẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ewúrẹ́ ló yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí a ti wọ ìlú títí a fi dé Gwarinpa, mi ò rí ẹyọ ẹnìkan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀.

*Gwarinpa, níbi tí ìró gééti ti ń ṣáájú ìkíni*

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ọ̀gá ni ní mínísìrì kan, díákónì sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Bó ṣe jáde sí mi, mo na gbalaja. Ó fa apá mi sókè.

"Dìde jọ̀ọ́, Àkànbí. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. A kì í ṣe ìyẹn níbí mọ́."

Èèyàn dáadáa ni o. Ó fún mi ní yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Títí, sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo mọ̀ pé mo ti di àlejò. Mo dúró lẹ́nu gééti (wọn ò jó irin rẹ̀ dáadáa, mo ní láti sọ ọ́), mo rí ará ilé kejì tó ń gun ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú ìmúra! Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ọkùnrin náà yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Who are you looking for?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde nílé kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ má bàa ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Bí ẹni bá ń sáré, báwo ló ṣe fẹ́ bèèrè ọmọ ẹnìkan?

Ẹnìkan wà nínú ilé náà tí kì í sáré. Ìyá Àǹtí Títí ni, Màmá tó wá láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń jókòó sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kì í wò. Láàárọ̀, Bọ̀dá Káyọ̀dé á dúró sí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, á ké sókè: "Màmá, good morning ma! A ti ń lọ o!" Ìfẹ́ á ní, "Bye, Grandma!" Ìlẹ̀kùn á pa dé. Lẹ́yìn náà ni Màmá á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ìró rẹ̀ jọ, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ó bá 'lé ire." Ìlẹ̀kùn ló ń dá lóhùn. Àwọn tó kí i ti dé ọ̀nà márosẹ̀ nígbà náà.

Mo bá gun òkè lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n tún ìdọ̀bálẹ̀ náà ṣe.

*Garki: kò sí fífọwọ́kàn*

Bí mo ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Hàjíà Ládì ni òun náà na ọwọ́ láti bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ bá mi lórí. Báyìí ni a ṣe pàdé. Obìnrin gíga ni, ọmọ Nasarawa, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó rìn yí ìyá mi po, ó fi òyìnbó sọ pé ojú yẹn dára gan-an ni, ó sì ní kí wọ́n gbé e sí àárín gbọ̀ngàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ ọnà ní Àbújá. Wọn kì í jókòó, torí àga kankan ò sí níbẹ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á ká apá, wọ́n á ní "Mm." Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbi gbogbo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan, Málàm Sani tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà sì gba ìwé ara ògiri yẹn gbọ́ ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Mo ṣàlàyé fún un títí pé tèmi yàtọ̀, pé ńṣe ni kí wọ́n kúnlẹ̀ lórí pákó. Ó gbà, pẹ̀lú ìfura. Ọ̀rẹ́ mi ló padà wá dà o. Ọ̀sán kan, ó pè mí sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó bu túwó àti míyàn kúkà fún mi. Ọbẹ̀ yẹn fà bí ilá, ó sì ní adùn ewé tí mi ò tíì tọ́ wò rí. Mo lá àwo. Láràárọ̀ ló sì máa ń kí ìyá mi: "Sànnu, Mama."

Mo ní, "Málàm, ẹ kúkú kúnlẹ̀ kí i, á dá yín lóhùn."

"Kai, oga! Me, na only Allah I dey kneel for."

Ó dáa. Mo ń retí àwọn ará ilé. Ní Sunday, Ìfẹ́ kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá, ọmọ Yorùbá gidi, pẹ̀lú gèlè àti agbádá. Inú mi dùn. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe dé ibi ìkúnlẹ̀, gbogbo wọn ń wo ara wọn lójú.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òrìṣà ni?"

"Rárá o. Ìyá mi ni."

"Ìyá yín dà báyìí?"

"Wọ́n ti sùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá ní ká kúnlẹ̀ fún ère ẹni tó ti kú. Ẹ kú iṣẹ́ sà, it's very nice."

Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n kọjá. Bọ̀dá Káyọ̀dé fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Àkànbí, o mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. But díákónì ni mí. Bí wọ́n bá ya fọ́tò mi níbi tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ère, pastor á ti rí i kí n tó dìde."

Mo ti bá irin sọ̀rọ̀ láti ọdún gbọọrọ, kò sí ọjọ́ kan tí mo ro ọ̀rọ̀ ère àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ìkìrun, ìyá Àkànbí lẹ rí. Ní Garki, ère ni wọ́n rí, orúnkún wọn sì yí padà di igi. Àwọn ọ̀dọ́ kan fi bàtà dúró lórí pákó wò. "Gbì." Wọ́n ní, "Is that all?"

Hàjíà pè mí. Ó ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Friday. Ó ní ère olóhùn tí kò dún, ère lásán ni, wọ́n sì ti ní ère lásán tó pọ̀ nínú ọgbà. Ó wá ní kí n ṣe bọ́tìnnì kan sí i lára, kí ẹni tó bá kọjá lè fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó fi inú rere sọ ọ́, ìyẹn ló tún mú kó dùn mí jù.

Mo ní, "Hàjíà, my mother is not a doorbell."

Ó ní, "Then she will be quiet."

Inú bí mi débi pé mo rìn kúrò ní Garki dé ibi tí mi ò mọ̀. Lójú ọ̀nà, mo ra fúrá, mo mu ún lórí ìdúró, kò sì dùn lẹ́nu mi. Èmi Irin Aláriwo! Ó ṣe tán, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n gbé àkùkọ wọlé, ẹ gbọ́ àkùkọ.

*Àbúrò mi ló jókòó yìí*

Ní àárọ̀ Friday náà, nígbà tí mo gun òkè lọ kí Màmá, ó ní, "Uṣẹ́ wo lò ń lọ ṣe lójoojúmọ́ tí ojú rẹ fi ń kọ́rẹ́ lọ́wọ́ báyìí?"

Mo sọ fún un. Ó ní òun fẹ́ rí i. Ìfẹ́ kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Màmá wọ ìró tó dára, ó di gèlè rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó pẹ́ tó ti jáde nílé gbẹ̀yìn.

Láti ibi tí a gúnlẹ̀ sí dé inú gbọ̀ngàn jìnnà fún orúnkún rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé iwájú ìyá mi, ó ti ń mí hẹlẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí àga. Ó wá wo ìyá mi.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi ni, Màmá. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn."

"Wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ, Màmá."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire. Ṣé wọ́n jù mí lọ?"

Mo rò ó. Ìyá mi ò dàgbà tó Màmá rárá. "Ẹ jù wọ́n lọ dáadáa, Màmá."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan àga náà. "Kí ló wá dé tí àbúrò mi jókòó, tí mo wà lórí ìdúró?"

Gbogbo àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí iná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo bóòtì tó mú ìyá mi mọ́ àga. Èmi ni mo dè é, mo sì dè é kó má lè tú.

Ìfẹ́ rí ojú mi. "Uncle, what are you thinking?"

"Lọ bá mi mú sípánà wá nínú àpò mi."

"Uncle, no now! Ojú yẹn ni everybody ń snap!"

"Ojú ni wọ́n ń snap. Ta ló gbọ́ ohùn wọn?"

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí. Òjò ọdún méjì rọ̀ lé mi lórí nígbà tí mo ń lu ojú yẹn jáde lára irin. Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi wo ló dára jù, ojú yẹn ni, kì í ṣe páìpù. Mo ń tú bóòtì, mo ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, ẹ dìde fún àgbà." Málàm Sani wá, ó ní kò sí fífọwọ́kàn, ó wá rí i pé èmi ni mo ni ín, ó gbé ìbọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi gbé ìyá mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí Hàjíà jáde, tó rí àga òfìfo, ó bi mí bóyá orí mi pé. Ó ní, "You have removed the sculpture."

Mo ní, "Yes ma."

Mo fi ìrọ̀rí ọkọ̀ Ìfẹ́ tẹ́ orí àga, mo ran Màmá lọ́wọ́, ó jókòó. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì. Lójú mi, ó ga lójijì. Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ìfẹ́, ṣé o ti kí mi lónìí?"

"Grandma, mo kí yín láàárọ̀ now."

"Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo gbọ́."

Ìfẹ́ wo àwọn èèyàn, ó wo ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀, ojú tì í díẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà," pẹ̀lú ohùn ọmọ tó ń ka ìwé tí kò dá lójú. Páìpù àárín mẹ́ta dún, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n rọra kú. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó tún bi mí bóyá òrìṣà ni. Obìnrin kan tó mú ọmọ méjì dání kúnlẹ̀, àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n tún kúnlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kan tó kàn wá lo àkókò ìsinmi ọ̀sán nínú gbọ̀ngàn dọ̀bálẹ̀ láìyọ báàgì lọ́rùn. Màmá dá gbogbo wọn lóhùn. Ó bi wọ́n léèrè ìlú wọn, ó bi wọ́n léèrè ìyá wọn, ó sì bi ọkùnrin kan ìdí tí kò fi tíì níyàwó. Ọkùnrin náà rí ìdí sọ!

*Ọkọ ọmọ*

Ìgbà tí ọ́fíìsì ń tú ni ìgbìmọ̀ dé, Hàjíà àti ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ kóòtù. Ìgbà náà gan-an ni Bọ̀dá Káyọ̀dé wọlé láti wá gbé wa lọ sílé, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti mínísìrì, ọmọ Ìjẹ̀bú. Káàdì iṣẹ́ Bọ̀dá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fóònù wà létí.

Ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí àga gíga, láàárín èrò. Ó dúró. Ó ju ọwọ́ sókè láti ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, good evening ma!"

Màmá ò wò ó. Ó ní, "Ta ló ń pariwo níta yẹn?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ síni bí èèyàn bá dúró níwájú àna rẹ̀ tí ojú ń wò. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn kọ́kọ́ sọ ọ́. "Káyọ̀dé, àna ẹ nìyẹn?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá mi wo pákó, ó wo páìpù, ó wo kóòtù rẹ̀ tó ń dán, ó wá wò mí bí ẹni pé tàkúté ni mo dẹ. Bó bá yí padà báyìí níwájú ìgbìmọ̀, gbogbo ohun tí Màmá ti ṣe láti àárọ̀ á di eré ọmọdé, èmi náà á sì padà sí ẹ̀yìnkùlé mi.

Ó pa fóònù. Ó yọ káàdì lọ́rùn, ó tì í sápò. Ó na gbalaja.

Mo ti gbọ́ páìpù wọ̀nyẹn ní Ìkìrun, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn Garki ga, ògiri rẹ̀ sì lágbára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré, wọ́n gùn ún lọ, èyí tó kẹ́yìn wá dún títí tí ọmọ kan fi gbá ìyá rẹ̀ mú. Bọ̀dá ò dìde. Ó yẹ kí Màmá ní kó dìde, kò sọ ọ́.

Nígbà tí ohùn náà rọlẹ̀ tán, Màmá ní, "Káyọ̀dé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ulé rẹ, ohùn rẹ ni mo ń gbọ́, tó ń sáré lọ. Òní ni mo tó rí ẹ̀yìn rẹ." Ó gbàdúrà fún un. Ó dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ó dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀ àti ojú ọ̀nà tó ń gbà. "Àmín," ni Bọ̀dá ń wí sínú pákó. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹ̀rín ni, àfìgbà tó dìde tó nu ojú.

Hàjíà Ládì wá rìn síwájú. Ọwọ́ tí mo mọ̀ pé ó máa ń nà, kò nà á. Ó lóṣòó, bí àwọn ọmọ òkè ọya ṣe ń kí àgbà, ó tẹrí ba. "Ina yini, Mama." Páìpù méjì dá a lóhùn. Màmá fi Èkìtì pọ́ńbélé súre fún un, Hàjíà sì ń ṣe àmín sí èyí tó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́.

Ìgbìmọ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, kò pẹ́. Hàjíà padà wá bá mi. Ó ní àga náà ni yóò dúró nínú ọgbà, àga nìkan, lábẹ́ igi, orúkọ mi á sì wà lára rẹ̀. Ó wá ní, "But where will we get old women?"

Mo ní, "Hàjíà, they are plenty in Gwarinpa. They are all upstairs."

Mo sunkún. Ẹni tó bá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, a bẹ Màmá kó dìde, kò dìde. Ó na ọ̀pá sí àwọn kan tó ń wọlé bọ̀. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Àwọn yẹn ò tíì kí mi."

*Lẹ́yìn tí mo dé*

Ìyá mi bá mi padà wálé, lójókòó nígbà yìí, lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Mo ti gbé e sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ sì ń kí i bí ẹ ti ń kọjá. Kò lóhùn mọ́. Mo mọ̀. Ẹ yéé bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Láàárọ̀ mìíràn, mo máa ń kábàámọ̀ títí di ìgbà tí mo bá mu ẹ̀kọ.

Ìfẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú ọgbà yẹn ló ti pè, níbi tó máa ń gbé Màmá lọ ní Sátidé. Ó ní ìyá ẹnìkan láti Lúgbè ń bá Màmá jà lórí àga náà, wọ́n ń gbà á jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé fóònù fún Màmá.

"Àkànbí! Gbogbo èèyàn ló ti kí mi níbí tán. Ìwọ tí o ṣe àga ńkọ́?"

Mo wo inú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà jókòó, ilẹ̀ kún fún eérú irin. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo na gbalaja nínú eérú náà, mo ní, "Ẹ káàsán, Màmá." Kò sí pákó lábẹ́ mi, kò sí ohun tó dún. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Dìde."